Ọjọ́ tí Dáre Tẹ̀lé Màlúù Lọ ní Texas

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ohun kan náà ni àwọn tó ń wá kí mi ní Kàbà ń bi mí: ṣé òtítọ́ ni pé iná kì í kú lọ́hùn-ún, ṣé òtítọ́ ni pé èèyàn lè gbé ilé kan fún ọdún mẹ́wàá kó má mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ilé kejì. Òtítọ́ ni méjèèjì, mo sì ti dáhùn títí ó fi sú mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí ni mo fẹ́ kọ síbí, ìyẹn ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo lò ní Texas, ọjọ́ tí àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ wo àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ti ń kó màlúù jọ ní Fort Worth.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi fẹ́ débẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kí n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún, tí a bá ti dé orí ẹ̀kọ́ nípa sísin màlúù, màá ya àwòrán Amẹ́ríkà sára pátákó, màá fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà láti ìsàlẹ̀ Texas lọ sókè, màá ní ọ̀nà tí àwọn darandaran orí ẹṣin ń da ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù gbà nìyí, títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ rélùwéè. Mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó bá wọn rìn. Nígbà náà, n kò tí ì kọjá Ìlọrin rí.

Dáre Mẹ́dùpín ló ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ògiri kan ló sì wà láàárín ilé bàbá rẹ̀ àti ti bàbá mi ní Kàbà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà ní Dallas, níbi tó ti wa bọ́ọ̀sì ìlú títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹnì kẹta wa ni Sálíù, ọmọ Ìyàrá, tí a jọ ka sẹ́kọ́ńdírì. Oníṣòògùn òyìnbó ni Sálíù, ní Houston ló ń gbé, ó sì wá bá wa nítorí tèmi. Láti ilé ìwé ni àwọn méjèèjì ti ń pè mí ní Tísà, kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ náà ni màá ṣe.

Ojú ọ̀nà

Dáre ló wa ọkọ̀. Sálíù ní kí òun wà á, Dáre kọ̀ jálẹ̀.

"Ta ló wa bọ́ọ̀sì kiri ibí yìí títí orí rẹ̀ fi funfun? Èmi ni, àbí ìwọ tó ń ka oògùn sínú ike?"

A rẹ́rìn-ín, a wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu lójú ọ̀nà ni ojú ọ̀run. Ó gbòòrò ju tiwa lọ, nítorí kò sí òkè kan tó dí i. Èmi tí mo dàgbà sáàárín òkè, ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ṣí òrùlé kúrò lórí rẹ̀. Mo ń wò ó, mo ń wò ó, Sálíù sì ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé ọ̀run kan náà tó wà ní Kàbà ni.

Nígbà tí a súnmọ́ Fort Worth, Dáre kọjá ibi tó yẹ kó ti yà. Ó yípo, ó tún kọjá á. Lẹ́ẹ̀kẹta, Sálíù pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Awakọ̀, ṣé Mẹ́síkò lo ń gbé wa lọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Dáre ni mo jókòó sí, mo sì rí i pé ọwọ́ méjèèjì ló fi di sítíárì mú gírígírí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ètè rẹ̀ ń mì. Mo tẹ́tí sí i. Orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ló ń kà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ó dé àárín, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo yí ojú mi sí fèrèsé. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ló mú un.

Àwọn tó mọ ìkíni

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti lò ní Dallas tí ẹnikẹ́ni tí n kò mọ̀ kò kí mi. Èèyàn á bá ọ pàdé, á wo fóònù rẹ̀, á kọjá. Ní àdúgbò màlúù yìí, nǹkan yí padà. Gbogbo àgbàlagbà ọkùnrin tí a bá pàdé ló ń fi ìka kan etí fìlà gbòòrò tó dé, tó ń mi orí sí wa. Obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí mi káàbọ̀, ó sì pè mí ní oyin. Oyin! Èmi baba àgbà, tí mo ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Sálíù ní òun á tẹ ìyàwó mi láago lójú ẹsẹ̀.

Bíríkì pupa ni wọ́n fi tẹ́ títì ibẹ̀, ó ti dán lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn ọgbà onígi tí wọ́n ń kó màlúù sí láyé ọjọ́un ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo fọwọ́ pa ọ̀kan nínú àwọn igi náà. Ó ń yọ̀ bí ọmọ odó àtijọ́, mo sì mọ̀ pé ara màlúù ló dán an bẹ́ẹ̀, èyí tó ń kọjá tó ń fi ìhà ha á, lọ́dún dé ọdún. Òórùn awọ gba gbogbo ibẹ̀ kan: awọ bàtà, awọ bẹ́líìtì, awọ gàárì ẹṣin.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù onífìlà kan. Baba tó ń tà á fi okùn wọn orí mi, ó béèrè ibi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà ni. Ó ní ṣé a ní màlúù lọ́hùn-ún.

"A ní i," mo dá a lóhùn, "ó tilẹ̀ ń jẹ oko wa."

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ká okùn rẹ̀, ó ní níbí náà, láyé bàbá bàbá òun, àgbẹ̀ àti onímàlúù pa ara wọn nítorí ilẹ̀ àti omi.

"Kí ló wá parí rẹ̀?" Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ọdún tó kọjá, ilẹ̀ mọ́ bá mi lóko, gbogbo iṣu tí mo gbìn sí ọ̀nà Òkè-Bùkún ti di ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ màlúù. Iṣẹ́ oṣù méje. N kò rí ẹni tí màá bá sọ ọ́.

"Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi yí oko ká," baba náà ní. Ó gbé fìlà náà lé mi lórí, ó tún un ṣe. "Wáyà, àti pé ó rẹ gbogbo wọn."

N kò ra fìlà náà, owó rẹ̀ ga jù, ṣùgbọ́n ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé mo rà á.

Ẹran tí kò jiná

A jẹun ọ̀sán nínú ilé oúnjẹ kan tí wọ́n fi ìwo màlúù kọ́ gbogbo ara ògiri rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ béèrè bí mo ṣe fẹ́ kí ẹran mi jiná sí. N kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ẹran a máa jiná ni, àbí? Nígbà tó gbé e dé, ó tóbi bí ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ ọmọ kíláàsì, mo gé e, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Mo dá a padà sórí iná lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀wà tí wọ́n gbé tì í, ṣúgà ni wọ́n fi sè é. Mo béèrè ata. Ohun tí wọ́n gbé wá kò lè mú ọmọ ọdún méjì sunkún.

Síbẹ̀ oúnjẹ náà dùn nítorí pé a jọ jẹ ẹ́. Dáre sọ ìtàn òtútù àkọ́kọ́ tó rí ní Amẹ́ríkà: bó ṣe rí yìnyín nílẹ̀ láàárọ̀, tó rò pé ẹnì kan ló da iyọ̀ nù, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìgbálẹ̀ kí wọ́n má baà ní òun ni. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Sálíù mu omi, ó béèrè nǹkan kan nípa àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́ mi, mo dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà Dáre gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ṣé mo ti sọ fún yín nípa òtútù àkọ́kọ́ tí mo rí níbí?"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ibi tó ti dúró kí a rẹ́rìn-ín náà ló tún dúró sí. Sálíù tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín ní ibi tó yẹ gan-an, ẹ̀rín náà sì ń dùn mí láyà bó ti ń jáde.

Wọ́n ń bọ̀

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n fẹ́ da màlúù kọjá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é kí àlejò lè rí bó ṣe rí láyé àtijọ́. Ìlà ṣọ́ọ̀kì pupa mi nìyí.

Wọ́n yọ. Kì í ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mo kà wọ́n: mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n ìwo wọn! Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì, ìwo màlúù kan tún gùn jù ú lọ. Wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n tẹ orí ba, kò sẹ́ni tó ń nà wọ́n. Àwọn èèyàn orí ẹṣin wà níwájú àti lẹ́yìn, ẹni tó sì kẹ́yìn gbogbo wọn jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti dàgbà, irun rẹ̀ tó ti hewú wà ní dídì lábẹ́ fìlà.

Ó hàn lójú mi pé ó yà mí lẹ́nu, nítorí ọkùnrin kan tó dúró tì mí sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó da màlúù lójú ọ̀nà wọ̀nyẹn jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, n kò kọ ìyẹn sára pátákó rí. Ìwé tí wọ́n fún wa kò sọ ọ́. Mo ronú kan gbogbo ọmọ tó ti jókòó níwájú mi tí n kò sọ ọ́ fún, mo sì yíjú láti bá Dáre sọ ọ́.

Dáre kò sí níbẹ̀.

Wíwá

Sálíù gba ọ̀nà ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Mo tẹ fóònù Dáre, ó dún nínú àpò Sálíù kó tó rìn jìnnà, nítorí pé Dáre ti fún un kó fi ya àwòrán. Mo wọ àárín èrò, mo ń pariwo orúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń yà fún mi, wọ́n ń wò mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àlejò ni mí gan-an. Ká ní Kàbà ni, mo ti sáré, mo ti ké sí gbogbo ọjà, ẹni tí kò mọ̀ mí á mọ bàbá mi. Níbí, ọlọ́pàá méjì yíjú sí mi, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo dẹ́kun sísáré. Mo ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Ọlọ́dẹ kan béèrè aṣọ tí ọ̀rẹ́ mi wọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó tì í, n kò lè rántí aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí mo dúró síbẹ̀ ni ohun kan sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń da màlúù láti Òkè Ọya gba Kàbà kọjá lọ sí ìhà Ọ̀wọ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá kọjá, Dáre á tẹ̀lé wọn. Ìyá rẹ̀ á máa bẹ gbogbo àdúgbò, wọ́n á rí i ní ìpẹ̀kun ìlú, lẹ́yìn màlúù, eruku á ti kún ojú rẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù wà lórí bíríkì, tútù, ó ń lọ sí ẹ̀yìn àwọn ọgbà onígi. Mo tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn ọgbà

Ó wà níbẹ̀. Ó gbé apá méjèèjì lé orí igi ọgbà, ó ń sọ̀rọ̀. Obìnrin tó kẹ́yìn màlúù ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin rẹ̀, ó dúró sí àárín Dáre àti ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó ṣí fìlà sọ́wọ́, ó ń gbọ́. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni Dáre ń sọ. Owé, èdè àwa ará Kàbà, ni, ó ń fi Hausa díẹ̀díẹ̀ sí i, sánnu, sánnu, ìyẹn pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, bí a ṣe máa ń bá àwọn darandaran sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un.

Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n pariwo mọ́. Mo kàn kí i bí a ti ń kíra wa nílé. "Okun o."

Ó yíjú. Ojú rẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ dùn. "Okun, Tísà. O pẹ́."

Obìnrin náà wò mí. "Ṣé èèyàn yín ni? Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀, ohun pàtàkì ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èdè rẹ̀. Kí ló ní?"

Mo túmọ̀ ọ́ fún un. "Ó ní odò kan wà níwájú, kí ẹ tó kúrò nílùú. Ó ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n mu omi níbẹ̀ kí oòrùn tó le, nítorí pé ọ̀nà Ọ̀wọ̀ jìn."

Mo retí pé yóò fi àánú wò mí, tàbí kó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó yíjú sí Dáre, ó tẹ orí ba fún un bí èèyàn ṣe ń tẹ orí ba fún àgbà.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní. "Ẹ sọ fún un pé a máa dúró níbẹ̀ kí wọ́n mu omi."

Mo sọ ọ́ ní Owé. Dáre mi orí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì jẹ́ kí n di ọwọ́ òun mú.

Kọ́kọ́rọ́

Abẹ́ igi kan ni a jókòó sí nígbà tí Sálíù sáré dé. Dáre ń wo ẹṣin, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò wá. Mo rí ìgbà tó padà dé sọ́dọ̀ wa. Ó dà bí ẹni tó jí lójú oorun tó bá ara rẹ̀ níta.

"Èwo ni mo ṣe?" ó béèrè.

A sọ fún un. Ó fi ọwọ́ sí àpò àyà, ó mú ìwé kékeré kan jáde tí ó ti gbó níbi tí wọ́n ti ń ká a. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà fóònù. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ pé, *Wúrà ni orúkọ ìyàwó mi.*

"Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbé e kiri," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Wúrà."

Sálíù dá a lóhùn kíá pé a kò ní sọ. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó rọrùn fún mi, ẹ̀yin tó ń ka èyí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, màá ti wà ní Kàbà. Ṣùgbọ́n mo rántí bó ṣe di sítíárì mú.

"Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá," mo ní.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ìwọ tí o kò lè sọdá títì níbí!"

"Sálíù ló máa wà á. Nígbà tí a bá délé, ìwọ lo máa sọ ọ́ fún Wúrà. Àwa ò ní sọ ọ́. A máa jókòó tì ọ́ ni."

Ó bínú sí mi. Ó pè mí ní orúkọ tí n kò lè kọ síbí, ó ní láti kékeré ni mo ti ń dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Sálíù wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbèjà rẹ̀, lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀.

"Dáre," ó ní, "oògùn ni iṣẹ́ mi. Oríṣiríṣi nǹkan ló ń fa ìgbàgbé yìí, òmíràn wà tó ń lọ tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà wo ló máa wo ohun tí o gbé pamọ́ sápò?"

Dáre yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó nà án sí Sálíù, kò nà án sí mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Dallas.

Wúrà

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí a wọlé nírọ̀lẹ́, kò tí ì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó kí èmi àti Sálíù, ó kí ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti dé. Mo ti rò pé bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Dáre dúró láàárín pálọ̀, ó na ìwé náà sí i. Ó kà á. Ó jókòó, ó tún un kà.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọjọ́ tí ẹ fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù nínú òtútù ńkọ́?"

"Mo wakọ̀ jáde láti wá gbé ọ. N kò mọ ibi tí mo ń lọ mọ́."

Wúrà fi ìwé náà bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ẹkún ni, ẹkún sì ni, ṣùgbọ́n nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ fúyẹ́ bí ti ẹni tí wọ́n gba ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Bàbá Fẹ́mi, mo rò pé ọkàn yín ti kúrò lára mi ni. Mo rò pé ẹ ti rí ẹlòmíràn. Mo ti bá àbúrò mi sọ ọ́, mo ti fẹ́ kó ẹrù mi. Èmi ń bá yín jà nínú ọkàn mi látọjọ́ yìí, ẹ̀yin sì ń kọ orúkọ mi sínú ìwé kó má baà sọnù?"

Ó dìde, ó dì mọ́ ọn. Sálíù fà mí lápá, a bọ́ síta.

Kàbà

Wọ́n ti rí dókítà. Kì í ṣe irú èyí tó ń lọ, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń dá a dúró díẹ̀. Wúrà ti dín iṣẹ́ kù. Dáre kò wakọ̀ mọ́, ó sì ti dárí jì mí, tàbí kó jẹ́ pé ó ti gbàgbé pé òun bínú. N kò béèrè èyí tó jẹ́.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń tẹ̀ mí láago. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síwájú ilé, ohùn rẹ̀ dún ketekete nínú fóònù. Ó bi mí nípa ilé, nípa òjò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tísà, èmi àti Sálíù lọ síbì kan. Wọ́n ń da màlúù láàárín ìlú! Ìwọ ni mo ń rò ṣáá. Ìbá dára ká ní o bá wa lọ."

Àwọn tó wá kí mi ṣì jókòó níwájú mi, wọ́n ń dúró kí n parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè bi mí nípa iná. Mo fi ọwọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, mo gbé àga mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí kò sí ariwo.

"Dáre," mo ní, "sọ bó ṣe rí fún mi. Kí lẹ kọ́kọ́ rí nígbà tí ẹ débẹ̀?"